Ilẹ̀ Kejìdínlógún

Iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì wa ní Yàbá ni láti wá ilẹ̀ tó ṣófo, kí a lè fi han àwọn olówó òkè òkun tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kámẹ́rà tó ń fò lójú ọ̀run ló ń ya fọ́tò àwọn ilẹ̀ náà. Èmi tí mo fẹ́ràn àdììtú ju oúnjẹ lọ, èmi ni mo ń tò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń to àwo tó fọ́. Nọ́ńbà ni mo fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkejìdínlógún ló wù mí jù: ó fẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àlejò kan tó fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́ bátìrì ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ọ̀gá mi, Àǹtí Lydia, kó wa sínú mọ́tò, dírẹ́bà ń tẹ̀lé máàpù orí fóònù. Bí a ṣe yà ní Pápá Àjàó, mo rí i pé àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ là ń lọ. Nígbà tí fóònù ní a ti dé, mo yọjú wo ìta.

Ọgbà mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n mi, Mùktárù, ni. Mọ́tò ibẹ̀ tó ọgbọ̀n.

"Taoheed, ilẹ̀ òfìfo náà dà?" Àǹtí Lydia béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sáré bọ̀, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ẹ wo àbúrò mi! Ó kó kọ́sítómà wá fún mi! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá."

Mo na fọ́tò sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo nìyí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ibí náà ni! Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Wọ́n ń tún mọ́sálásí kọ́, ibí la wá ń kírun. Kó tó di aago méjìlá, a ti kó gbogbo mọ́tò síta, a ti gbálẹ̀ kí àwọn èèyàn tó dé. Ìwọ tó jẹ́ pé Yàbá lo ti ń kí Jímọ̀ tìẹ, ibo lo ti fẹ́ mọ̀?"

Àlejò béèrè ìgbà tí àwọn mẹkáníìkì máa kúrò níbẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta péré, sà," Àǹtí Lydia dáhùn wéré.

Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi. "Oṣù mẹ́ta kí ni, mà?"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé òòlù sílẹ̀, wọ́n súnmọ́ wa.

"Èmi ni mo ṣàṣìṣe, sà," mo sọ fún àlejò. "Ilẹ̀ yìí ò ṣófo. Ogún èèyàn ló ń jẹun níbẹ̀."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Àǹtí Lydia pariwo. "Wọ mọ́tò!"

N kò wọ̀ ọ́. Àlejò ní òun ò wá ra ìjà, ó padà sínú mọ́tò, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ẹ̀yìn wọn. Èmi ló ń wò.

"Ká ní wọn ò wá wò ó ńkọ́?"