Wọn Ò Kọ Gíga Sínú Ìwé

Jórinjórin ni mí, ohun tó wà nínú ìwé ni mo sì ń tẹ̀ lé. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi ọ̀pá kan kún géètì oníbàárà kan kó lè dúró dáadáa. Ọkùnrin náà ní kí n gé e kúrò lójú òun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: OHUN TÍ Ẹ BÁ KỌ NI MO MÁA JÓ. Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn.

Ọmọbìnrin mi, tíṣà ìṣirò, mọ ògiri yìí dáadáa. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì, ó fún mi ní ìwé pélébé kan: x² + y² = 9. Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ti wá wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì ò rí ohun tó ń sọ. Tí wọn ò bá tún rí i lọ́jọ́ Ajé, kó wá iṣẹ́ mìíràn lọ nìyẹn.

"Bàámi, ẹ bá mi fi irin ṣe é, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. x ni ọ̀tún sósì, y ni iwájú sẹ́yìn, z ni ilẹ̀ sókè. Ní ti x àti y, gbogbo ibi tó bá fi ìwọ̀n mẹ́ta jìnnà sí àárín ni kẹ́ ẹ jó. Ìwọ̀n kan, sẹ̀ntímítà mẹ́wàá."

Ó sáré lọ. Mo wọn ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà láti àárín, mo tẹ irin, mo jó o, mo fi fáìlì ha ojú rẹ̀ títí ó fi dán. Òrùka gidi ni. Mo yangàn díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló tó rí i. Ó káwọ́ lérí.

"Bàámi! Gíga rẹ̀ dà?"

"Gíga wo? Ṣé z wà nínú ìwé tó o fún mi ni?"

"Torí pé kò sí níbẹ̀ gan-an ni! Tí wọn ò bá ti dárúkọ z, iye tó bá wù ú ló lè jẹ́. Ó yẹ kó máa lọ sókè ni, bíi páìpù."

"Níbi tèmi, ohun tí wọn ò bá kọ, kò sí."

Ó bú sẹ́kún. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí! Kò sì sí àyè láti jó òmíràn mọ́. Mo gbé òrùka náà kọ́ èjìká, mo tẹ̀ lé e.

Alábẹ̀wò ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì, bírò lọ́wọ́. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ mi wo òrùka, ó wò mí, ó nu ojú.

"Bàámi, ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ dúró sáàárín rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, òdo ni z báyìí. Bàámi, ẹ gbé e sókè díẹ̀. z ti di ọ̀kan. Ṣé x tàbí y yí padà?"

"Rárá, mà!"

Mo gbé e dé orúnkún, dé ìbàdí. Ó há díẹ̀ níbi ikùn ńlá mi, àwọn ọmọ sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kọjá orí mi, ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Páìpù ni! Gbogbo ibi tó gbà kọjá, páìpù ni!"

Alábẹ̀wò gbé ojú sókè. "Níbo ló máa wá dúró?"

Àwọn ọmọ yíjú wo tíṣà wọn. Ọmọ mi yíjú wò mí. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n kọ àti èyí tí wọn ò kọ ti dé, ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn.

Mo ní, "Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, mà."

Alábẹ̀wò ní, "Òótọ́ ni. Kò sí ibi tó ti máa dúró." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. "Tíṣà, iṣẹ́ yín ò bọ́ mọ́."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, ó ti gbàgbé mi pátápátá. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, mi ò sì rí ọwọ́ nù ún. Òrùka ṣì wà lókè. Ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n gbé e kalẹ̀.