Wáṣà Abẹ́ Sípíríǹgì

…tàbí kí n ní mo gbàgbé nǹkan sínú rẹ̀? Kí n ní sípánà mi kan wà níbẹ̀, kí n sáré ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà padà kí Ọ̀gá tó kírun tán… Rárá. Bándélé, ọmọ ìyá ìyàwó mi, á bi mí pé sípánà wo. Gbogbo sípánà mi ló wà lórí bẹ́ǹṣì níbí, tí gbogbo ayé ń wò wọ́n. Irọ́ tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹní ni. Ìrun Àsárì ló ń kí lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ti kí i tán, á wá gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí, á ṣàdúà sí i. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é. Mo ti gbòmìnira tipẹ́, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi l'Ókè-Ìlewó, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí mo bá tú tí mo tún dè kì í jáde láìjẹ́ pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣàdúà sí i. Lẹ́yìn àmín, Bándélé á wa Píjò yìí lọ sójú títì Kọ́bapẹ́, á lọ fi eré dán an wò, nítorí ìdíje mọ́tò tó ń bọ̀ lọ́la. Àmín kan péré ló kù.

Wáṣà lásán. Irin pẹlẹbẹ tí ọmọdé lè fi ṣeré…

Jẹ́ kí n tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Àfi pé tí abẹ́rẹ́ aago tó ń ka yíyí rẹ̀ bá ti kọjá márùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, agbára á tán nínú ẹ̀. Àwọn sípíríǹgì tó ń pa fáàfù dé, ìyẹn ìdérí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ló ti rọ̀. Kí wọ́n tó dá fáàfù padà sáyè ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti tún tì í ṣí, bí ilẹ̀kùn ilé ìnáwó tí ò ráyè padé. Mo wá ra sípíríǹgì tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ l'Ékòó. Mo fi wọ́n sí i. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó pé. Abẹ́rẹ́ á dé mẹ́fà ààbọ̀ tí ohùn ẹ̀ ò ní yẹ̀. Iṣẹ́ ti parí, inú mi ń dùn, mo ti ń súfèé—

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá wọlé.

Alájì Sàlàhúdíìnì. Láti Kémta ló ti ń bọ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó tú etí áńkáṣíìfù rẹ̀. Wáṣà ló dì síbẹ̀. "Ṣẹ̀yẹ, mo bá ẹ gé wọn fúnra mi. Kì í ṣe ti ọjà." Ó gé wọn fúnra rẹ̀! Pẹ̀lú ojú tí ò ríran dáadáa mọ́. Ó tún fi fáìlì irin rá etí wọn kí wọ́n má bàa gé mi lọ́wọ́…

Ta ni ò mọ wáṣà Ọ̀gá l'Ábẹ́òkúta yìí? Nígbà tí sípíríǹgì mọ́tò bá ti gbó, tí tuntun ò sì sí lọ́jà, wáṣà ni Ọ̀gá ń fi sí i lábẹ́. Sípíríǹgì á tún le, agbára á padà. Lọ́rí tó ń kó ẹrù láti Ìtòrí, àìmọye wọn, wáṣà yẹn ni wọ́n fi ń gun òkè. Iṣẹ́ gidi ni. Fún sípíríǹgì tó ti gbó. Tó ti gbó! Èyí ò gbó. Èyí le tẹ́lẹ̀. Tí o bá tún fi nǹkan gbé e sókè, ibo ló fẹ́ rì sí nígbà tí fáàfù bá ṣí? Òrùka ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Tó bá ń yí jẹ́jẹ́, kò ní sọ nǹkan kan. Ìgbà tí eré bá pọ̀, tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n…

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, mo la ẹnu. "Ọ̀gá, ṣé kò ní…" "Kò ní kín ni?" "Ẹ ṣé, sà. Ẹ kú àdúrótì."

Ẹ kú àdúrótì! Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo tú sípíríǹgì tí mo ti dè, mo to wáṣà sábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gá ń mi orí.

Ṣùgbọ́n mo gbìyànjú. Mo mú bíléèdì, mo ń fi sí àárín òrùka sípíríǹgì níbi tó ti rì jù, kí n mọ̀ bóyá àyè ṣì kù. Èyí àkọ́kọ́, ó wọlé. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó wọlé tipátipá. Ẹ̀kẹta… kò wọlé. Mo tún un tì, kò wọlé. Ọ̀gá ní, "Kí lò ń fi bíléèdì wá níbẹ̀, Ṣẹ̀yẹ? Ṣé o fẹ́ fá irun fún un ni?" Bándélé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ju bíléèdì sílẹ̀, mo dé orí ẹ́ńjìnnì, mi ò yẹ ìyókù wò.

Bóyá bíléèdì yẹn ló dípẹtà. Bóyá mi ò tì í dáadáa… Ìwọ Olúṣẹ̀yẹ, ta lò ń parọ́ fún?

Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá wá jẹ́ pé ọwọ́ àgbà ló ti orí ọmọ náà ńkọ́? Kí ni ọmọdé á wí? Báwo ni n ó ṣe kọjú sí ẹni tó gbà mí sílé nígbà tí bàbá mi kú? Mùsùlùmí ni, àmọ́ òun ló ń jí mi láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi pé kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì l'Áké: "Dìde, kí pásítọ̀ yín má ní èmi ni mo gbà ẹ́ lọ́wọ́ Jésù." Kí n wá wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, lójú Bándélé, pé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ló fẹ́ ba ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́? Á kàn ká áńkáṣíìfù rẹ̀, á dìde, á máa lọ.

Kí n sọ fún Bándélé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kọjá márùn-ún? Á ní kí la wá pààrọ̀ sípíríǹgì fún. Wò ó bó ṣe jókòó sídìí ọkọ̀, tó ń nu gíláàsì, tó ń kọ orin. Ó máa kọjá márùn-ún. Ó máa kọjá mẹ́fà. Lójú títì Kọ́bapẹ́, níbi tó ti nà gbọọrọ, ọrùn fáàfù á kán, á já bọ́ sórí písítìnì tó ń lọ sókè-sódò nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á há lójijì, táyà ẹ̀yìn á há, mọ́tò á… Mi ò ní rò ó débẹ̀.

Wùnmí ìyàwó mi ti sọ ọ́ láàárọ̀, bó ṣe ń gbé oúnjẹ fún mi. "Bàbá Tẹjú, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni Bándélé o. Ẹ̀yin ni mo fà á lé lọ́wọ́." Èmi. Kò dárúkọ Ọ̀gá. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀—kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́—kí ni n ó sọ fún ìyàwó mi? Máa ní: Wùnmí, kì í ṣe èmi. Alájì ló mú wáṣà wá. Àgbà ni, ọ̀gá mi ni, mi ò lè jiyàn. Bándélé náà wà níbẹ̀, ó rí i—

Bándélé ò ní sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Háà.

Láti ìgbà tí Ọ̀gá ti tẹ́ ẹní ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó bá a sọ, mi ò tíì rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n èyí tí n ó sọ fún Wùnmí ti wà nílẹ̀, ó gún régé, kò kólòlò rárá. Nígbà wo ni mo tò ó? Àṣé kì í ṣe Ọ̀gá ni mo ń bọ̀wọ̀ fún. Mo ń tọ́jú ẹni tí n ó di ẹ̀bi rù ni. Bàbá yìí gé wáṣà fún mi, ó rá etí wọn kí wọ́n má bàa gé mi lọ́wọ́, èmi sì ti fà á kalẹ̀ pé òun ló pààyàn, kí ẹnikẹ́ni tó kú.

Ó ti jókòó ìkẹyìn. Ó kí ọ̀tún. Ó kí òsì. Ó ń ká ẹní rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún, ó ń bọ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi lókèèrè. Bándélé ti mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Ọwọ́ mi wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí Ọ̀gá fẹ́ gbé ọwọ́ lé ṣàdúà. Mi ò gbé e kúrò; láìsí àmín, Bándélé ò ní jáde.