Ibi Tí Ketill Ti Ń Dúró Lórí Yìnyín

Nígbà tí Ketill rí ìyá rẹ̀ láàárín àwọn tó tò láti wọ ọkọ̀ tí òun fi ń gbé àlejò gun yìnyín, ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe ségesège. Sólrún kì í ṣe ẹni tí í gun òkè yìnyín. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí yìnyín ti gbé Hallur, àbíkẹ́yìn rẹ̀, mì, bó bá jáde láàárọ̀ láti wo ojú ọjọ́, òkun ni í kọjú sí, ẹ̀yìn ni í kọ sí òkè náà. Òun ló wá dúró síbẹ̀ yìí lọ́jọ́ náà, tó wọ kóòtù aláwọ̀ aró tí í wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi ọ̀pá gbé ara ró nítorí ìbàdí tó ń dùn ún, tó di tíkẹ́ẹ̀tì mú ṣinṣin bí àlejò tó ti òkèèrè wá.

Dagný, ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, sáré tọ Ketill wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Mo ní kí Màmá má sanwó, wọ́n ní ṣé àpò ìyẹ̀fun làwọn ni tá a ó fi gbé àwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ní kí n má pè yín."

"Ta ló ní kó o tà á fún wọn?"

"Ẹ lọ bi wọ́n fúnra yín. Èmi ò ní ẹnu tí mo fi ń bá Ìyá Hóll jiyàn."

Hóll ni orúkọ oko àgùntàn tí Sólrún ń gbé, kò sì sí ẹni tó ní ẹnu yẹn ní gbogbo etí òkun gúúsù Áísílándì. Ketill lọ bá a.

"Màámi, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Kí làwọn tó kù wá ṣe?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Wọ́n á la ìbàdí mi lóṣù tó ń bọ̀. Dókítà ní lẹ́yìn ìyẹn kí n má retí àtigun òkè kankan mọ́. Mo fẹ́ rí ibi tí ọmọ mi wà kó tó di pé mi ò lè lọ mọ́. Àwọn èèyàn sọ fún mi pé o mọ ibẹ̀, pé o máa ń dúró níbẹ̀. Ṣé wàá ràn mí lọ́wọ́ kí n wọkọ̀ ni, àbí wàá dúró kí àgbà máa gbọ̀n nínú atẹ́gùn?"

Ọkọ̀ náà ga bí ilé. Táyà mẹ́jọ ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga dé èjìká ọkùnrin, àkàbà irin sì ni wọ́n fi ń gùn ún. Ketill ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì yà á lẹ́nu pé ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà wo ni Ìyá Hóll, tó máa ń gbé odidi àgbò kọ́ èjìká, di ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé? Ìyá náà jókòó sí àga tó wà lẹ́yìn awakọ̀ gan-an.

Àwọn mọ́kànlá mìíràn wọlé, tọkọtaya kan láti Sípéènì ló pariwo jù nínú wọn. Ketill gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: kí wọ́n de bẹ́líìtì, kí ẹnikẹ́ni má kọjá okùn pupa bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, yìnyín tí wọ́n ń gùn yìí ti wà kí bàbá ńlá wọn tó dáyé, ọdọọdún ló sì ń fà sẹ́yìn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

Níbi tí òkúta parí sí tí funfun ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù kí wọ́n lè tẹ́ lórí òjò dídì bí ẹsẹ̀ ràkúnmí lórí iyanrìn. Ọkọ̀ wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìlú, oko àti òkun ń kéré sí i nísàlẹ̀, títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ lápá ọ̀tún àti òsì ju funfun lọ.

Yìnyín kì í dúró lójú kan. Bí ìgbín ló ṣe ń wọ́ lọ sísàlẹ̀, kò sì bìkítà fún ẹni tó gbé sínú. Nítorí náà, ibi tí Hallur ti já sínú ọ̀gbun lọ́jọ́sí kọ́ ni Hallur wà lónìí. Ketill mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ìgbà ìrúwé bá ti dé, á ṣírò ibi tí yìnyín rìn dé láàárín ọdún kan, á sì sún àmì kékeré kan síwájú nínú ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá kó àlejò dé ibi àmì náà, á dúró, á sọ̀kalẹ̀, á ṣí fìlà, á ṣe bí ẹni ń wo táyà, á sì padà. Àwọn àlejò á ti máa ya fọ́tò ní tiwọn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Dagný nìkan ló bá a lọ lẹ́ẹ̀kan tó fura, ó sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì sọ fún Sólrún nídìí kọfí.

Ó dúró níbẹ̀ lónìí náà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ló sọ fún wọn. "Ẹ nasẹ̀, ẹ má kọjá okùn pupa."

Ó gbé ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó de irin ẹlẹ́gùn-ún mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà yọ̀ ọ́. Ìyá náà ń wo orí rẹ̀ láti òkè.

"Irun rẹ ti ń funfun."

"Mo ti pé ogójì ọdún, Màámi."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo bí ọ."

Wọ́n rìn bí ogún ìṣísẹ̀. Ketill dúró. "Ibí ni. Nísàlẹ̀. Ó jìn gan-an."

Atẹ́gùn ń fẹ́ òjò dídì lulẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Sólrún fi ṣóńṣó ọ̀pá rẹ̀ họ ilẹ̀, ó ń họ ọ́, títí yìnyín aláwọ̀ aró fi yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn ẹkún, ohùn tí ìyá fi ń bá ọmọ tó pẹ́ níta wí ni.

"Hallur, olórí kunkun. Ìbàdí ò jẹ́ n lè kúnlẹ̀, orí ìdúró ni màá ti bá ọ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ pè ọ́, o ò dáhùn. Ó ní kó o dúró, o ní o gbọ́n jù. Kí ló lé ọ? Ṣé ilé ń jó ni?"

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Nínú oṣù kẹta ọdún náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò gun alùpùpù orí yìnyín lọ gbé epo sí ahéré tí ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí ìlú, tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, ń lò lókè. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ojú ọjọ́ funfun débi pé a ò mọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀run. Ketill nìkan ló délé, ó sì sọ pé Hallur sáré síwájú òun, òun pè é, kò gbọ́. Àwọn adóòlà wá a fún ọjọ́ méjì, ọ̀gbun náà jìn ju okùn wọn lọ, ìjì sì lé wọn kúrò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Ketill ò tíì pé mẹ́wàá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

"Màámi, ẹ má bá a wí mọ́."

"Màá bá a wí. Kò dàgbà jù mí lọ."

"Kò ṣe nǹkan kan, Màámi. Èmi ni."

Ìyá náà yíjú sí i. "Kí lo sọ?"

"Hallur ò sá níwájú mi. Òun ló ní ká dúró. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí ilẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ ká pàgọ́ síbí títí ojú ọjọ́ á fi là.' Ó ti ń tú okùn àgọ́. Òtútù ń mú mi, ebi ń pa mí, ilé ni mo fẹ́ dé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ọmú Màámi ló ṣì ń wá ni? Mo ní bó bá jẹ́ ọkùnrin, kó bọ́ síwájú kí n rí i."

"Ó sì bọ́ síwájú."

"Ó wò mí. Kò bá mi jà. Ó di okùn rẹ̀ padà, ó bọ́ síwájú. Kò tíì lọ tó láti ibí sí ibi tí ọkọ̀ wà yẹn. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Níbẹ̀ ni ará Sípéènì yẹn dé bá wọn, ẹ̀rín lójú, ó na fóònù sí Ketill. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá èmi àti ìyàwó mi yà á, kí òkè yẹn hàn lẹ́yìn wa." Ketill gbà á. Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rí èyí tó dára. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Sólrún ò kúrò lójú kan.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá òkú jà, Ketill. Gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni mò ń tan àbẹ́là, tí mo sì ń bú u. Mo ní agídí rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwọ náà wà nídìí tábìlì, ò ń gbọ́."

"Mò ń gbọ́, Màámi."

"O sì ń gé búrẹ́dì jẹ."

Ketill ní, "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba òun náà. Òun sọ tiẹ̀ jáde."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó yí padà sí ọkọ̀. Ketill na apá sí i, kò gbà á. Ó rin ogún ìṣísẹ̀ náà ní òun nìkan, ó ń sinmi, ó ń rìn. Kó tó dé ìdí àkàbà ó dúró, láì wẹ̀yìn.

"Bẹ́ ẹ bá ń kọ́ àwọn tuntun nínú ẹgbẹ́ adóòlà, orúkọ ta lẹ fi ń kọ́ wọn?"

"Ti Hallur."

"Kí lẹ máa ń sọ?"

"Pé kí wọ́n má ṣe bíi tiẹ̀."

"Ìwọ lo gbé orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Lọ gbé e kúrò."

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni Sólrún jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin ará Sípéènì. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Obìnrin náà bó ọsàn, ó fún un ní ìdajì, Sólrún sì jẹ ẹ́ ní ìwọ̀nba, ó ń wo ìta. Bí wọ́n ti dé ìsàlẹ̀, Dagný ló ràn án lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀, Sólrún ò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó dàbọ̀.

Oṣù kẹwàá ni ẹgbẹ́ adóòlà máa ń kọ́ àwọn tuntun. Ásgrímur, olórí ẹgbẹ́ náà, ti ń sọ ìtàn Hallur bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí Ketill dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

"Ọ̀gá, ẹ dúró. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á."

Ó rò ó fún wọn látòkè délẹ̀, àti yẹ̀yẹ́ àti ọmú. Nígbà tó parí, Ásgrímur bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Jókòó, Ketill," ló ní. Ó sì kọjú sí àwọn tuntun. "Ẹ gbọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ká dúró, ẹ dúró. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Hallur ọmọ Hóll ló kọ́ wa."

Wọn ò lé e kúrò nínú ẹgbẹ́, àmọ́ wọ́n ní kó má ṣáájú ẹnikẹ́ni lọ sórí yìnyín mọ́ fún ọdún kan. Àwọn kan ṣíwọ́ kíkí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ okùn wá Hallur lọ́jọ́sí pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ra epo, ó tutọ́ sílẹ̀, ó kọjá. Ketill lọ sí ọsípítù nígbà tí wọ́n la ìbàdí ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní Màmá ń sùn. Ketill sì ń gbọ́ ohùn Màmá látinú yàrá, tó ń bá ẹnì kan jiyàn nítorí kọfí tó ṣàn jù. Ó gbé òdòdó sílẹ̀, ó padà sílé. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn ní gbogbo ìgbà òtútù.

Nínú oṣù karùn-ún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Abo àgùntàn kan ń rọbí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ ló yọ síwájú. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Máa bọ̀."

Ó sáré lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí nínú ilé àgùntàn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ títọ́ síwájú, ó ń pàṣẹ. Ketill bọ́ ẹ̀wù, ó ki apá bọ inú àgùntàn náà.

"Rọra. Yí i. Yí i, mo ní! Ṣé òkúta lò ń wú ni?"

"Mò ń yí i, Màámi."

"Hallur á ti fà á jáde kó o tó bọ́ ẹ̀wù. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó kọ́kọ́ gbẹ̀bí àgùntàn níbí. Ó dákú lẹ́yìn náà, a da omi sí i lójú, ó ní ọmọ náà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ketill ò gbójú sókè, ó ń bẹ̀rù kí ẹ̀rín náà má lọ. Ọmọ àgùntàn jáde, dúdú, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ó fi koríko gbígbẹ nù ún nímú títí ó fi sín, tó sì ké.

Kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ náà ò ní òun ti dárí jì í. Ó fi ọ̀pá gbé ara dìde, ó dúró díẹ̀ kí ìbàdí náà fara balẹ̀, ó sì kọjú sí ilé.

"Kọfí wà lórí iná," ló ní. "Bọ́ bàtà rẹ kó o tó wọlé."