Ilà Tí Kò Bára Mu

"Èmi kì í rán tùwíìdì." Murdina ti aṣọ onírun àgùntàn aláwọ̀ eérú náà padà sọ́dọ̀ Ruaridh, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó. "Aṣọ darandaran nìyẹn. Aṣọ onílà ti ìdílé wa la fi ń rán kílíìtì ìgbéyàwó."

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Murdina ti ń fọwọ́ rán kílíìtì, yẹ̀rì tí àwọn ọkùnrin Scotland máa ń wọ̀, ní ìlú Inverness, gbogbo ìlú ló sì mọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọn lẹ́nu. Ruaridh kò bínú. Ó ní kílíìtì tùwíìdì ni bàbá àgbà àwọn ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí tó fi kú, irun àgùntàn tirẹ̀ ni wọ́n sì fi hun ún. Ṣé bàbá yẹn kì í ṣe ọmọ Scotland ni?

"Kò rí òmíràn rà ni. Má sọ àìní dàṣà fún mi."

"Ẹ̀yin náà lẹ rán an fún wọn, Àǹtí."

Kílíìtì kan wà lórí tábìlì, ti olórí àwọn afunfèrè. Ọkùnrin náà dá a padà láàárọ̀ láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn kílíìtì, níbi tí a ti ń ṣẹ́ aṣọ po, ilà gbọ́dọ̀ bá ilà pàdé bí ẹni pé a kò ṣẹ́ ẹ rárá. Lára èyí, ilà pupa ti yẹ̀ níbi ìṣẹ́po kẹrin. Nígbà tó fi dé ìkẹsàn-án, ó ti sọnù. Ẹ̀kẹta irú rẹ̀ lọ́dún yìí nìyẹn. Láti oṣù kìíní ni dókítà ojú ti sọ fún Murdina pé èyí tó lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tùwíìdì ló kàn ń bú kíkankíkan sí i.

Ruaridh gbé kílíìtì náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó wò ó pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló dàgbà sí. Ó rọra dà á dojú bolẹ̀, ó wá sún aṣọ eérú náà padà síwájú rẹ̀.

"Eléyìí ò nílà, Àǹtí. Kò sóhun tójú máa wá nínú ẹ̀."

"Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe rà á?"

Ruaridh ní kí òun lọ gbé omi tíì kaná.

Nígbà tó padà dé, Murdina ní kó dìde, ó wọn ìbàdí rẹ̀. Ó ṣẹ́ aṣọ náà po láìwò ó, ìkan, èjì, títí dé ìkẹsàn-án. Gbogbo wọn tò gún régé. Láìsí ilà tó máa yẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é.