Omi Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Rí

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, omi wọ yàrá iṣẹ́ wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló rí i. Mo ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là ẹ̀wù kan lọ́wọ́ nígbà tó fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, tó sì gun orí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ.

"Olójú-oorun," ó pè mí. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, tí mo ń tòògbé lórí máṣíìnì. "Gbé ẹsẹ̀ ẹ sókè. Ṣé ìwọ lo máa ra bàtà mìíràn ni?"

Mo wo ilẹ̀. Àjákù aṣọ ló wà níbẹ̀, àti òwú.

"Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ," ó ní. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń sọ pé oníbàárà ti dé ló fi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ télọ̀, òun ló sì ní kí n lọ kàwé nígbà tí ẹbí sọ pé ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ilé-ìwé. Àìsàn yìí, tó ń jẹ́ kó rí ohun tí kò sí, ti wá lẹ́ẹ̀kan rí. Nígbà yẹn, àbúrò bàbá wa kó àwọn ọkùnrin wá, wọ́n fi okùn dè é bí ẹrù, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń na èèyàn kí àìsàn lè jáde lára rẹ̀. Ó sá kúrò níbẹ̀ láìwọ bàtà. Àpá okùn náà kò kúrò ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹbí, àfi èmi nìkan.

Orí tábìlì ló sùn, orí tábìlì ló jí sí. Ó kọ́kọ́ ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní omi ìdọ̀tí ti wọ inú ìkòkò, ó kọ oúnjẹ, ó sì kọ omi mímu pẹ̀lú. Ètè rẹ̀ là. Àbúrò bàbá wa ránṣẹ́ pé òun ń kó àwọn ènìyàn òun bọ̀ ní Sátidé. Mo mọ̀ pé bí okùn bá tún kan ọwọ́ yẹn lójú mi, ì báà yè, ì báà kú, kò ní pè mí ní àbúrò mọ́.

Mo lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà obìnrin kan tó sanra, tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Mo ròyìn ẹ̀gbọ́n mi àti omi rẹ̀ fún un.

"Ṣé ó lè rìn?" ó bi mí.

"Ó lè rìn, mà. Omi ni ò jẹ́."

"Kí ni ìwọ wá sọ fún un?"

"Mo ní kò sí omi."

"Ó gbà?"

"Ó ní kí n lọ bọ́jú."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ó mọ̀ ẹ́ dáadáa. Má bá a jiyàn omi. Má sì purọ́ fún un pé o rí i. Bi í léèrè ibi tí kò ti jìn."

Mo padà sílé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni kò ti jìn?"

Ó yí orí padà. Ó wo ilẹ̀ yíká, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. "Ẹ̀gbẹ́ ògiri," ó ní.

"Ṣé a lè gba ibẹ̀ dé ọsibítù? Ètè yín ti là. Kò ní sí okùn. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni."

"O fẹ́ wọ omi pẹ̀lú ṣòkòtò ilé-ìwé? Ká a sókè, jàre."

Ẹ̀gbọ́n ló ní kí n ká a. Mo ká a dé orúnkún. Ó ká aṣọ tirẹ̀ náà, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Oòrùn ń ràn, eruku ń sọ lójú títì. Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, èmi náà ń tẹ ibi tó tẹ̀. "Yà síbí. Kòtò wà níbẹ̀ yẹn." Mo yà. Nígbà tí a rìn díẹ̀, ariwo àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà, bí ìgbà tí èèyàn bá ki orí bọ inú àmù. Fèrèsé àwọn ilé ń mì yẹ́ríyẹ́rí. Ẹsẹ̀ tèmi náà wúwo. "Wo àwọn ẹja yẹn," ó ní, "wọ́n gbé iná sẹ́nu." Mo ní, "Mò ń gbọ́ yín."

Ṣúméékà tó ń tún bàtà ṣe ní ìkòríta kígbe sí wa: "Ẹ̀yin ará télọ̀! Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èwo ni ti ẹni tó ń wọ́dò lórí iyanrìn?"

"Bọ̀dá ṣúméékà," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn, "ẹ fi ẹnu sílẹ̀, kẹ́ ẹ di àpótí yín mú. Ó ń léfòó lọ."

Ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti di àpótí rẹ̀ mú kó tó rántí ara rẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi kọjá.

Ní ọsibítù, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí a tú aṣọ tí a ká sókè sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó fi wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹnu yàrá, ẹ̀gbọ́n mi dúró gbagidi.

"Inú ibí jìn. Wò mí lójú. Ṣé ìwọ náà rí omi yìí?"

Bí mo bá ní mo rí i, yóò wọlé. Bí mo bá ní n kò rí i, ó lè yí padà sílé, Sátidé sì ti dé tán. Nọ́ọ̀sì ń wo òkè àjà.

"Mi ò rí i, ẹ̀gbọ́n mi."

"Rárá?"

"Rárá. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mò ń rí."

"Láti ilé?"

"Láti ilé."

"Kí lo wá ká ṣòkòtò sí, bí àgbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ká a."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ yọ ní ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Bí ìwọ ò bá rí i," ó ní, "a jẹ́ pé èmi ni." Ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì, ó sì wọlé.

Wọ́n dá a dúró, wọ́n ń fún un lóògùn. Àwọn ènìyàn àbúrò bàbá wa dé ilé wa ní Sátidé, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá lọ wò ó, ó máa ń fi ọwọ́ wọn omi náà fún mi: ó ti fà dé orúnkún, ó ti fà dé ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní ilẹ̀ ti gbẹ.

Ó ti padà sílé. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n kì í tẹ ìta láìkọ́kọ́ bi mí pé ṣé ilẹ̀ gbẹ. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ó ń wò mí kó tó dáhùn. Ní àná, mo rán apá aṣọ oníbàárà kan sódì níwájú rẹ̀. Ó gbé e, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wò mí.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?" ó bi mí, bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ara rẹ̀ ti yá. Kì í bá mi wí mọ́.