Àga Àlájà

"Ta ló dá ẹran yìí padà?"

Ojúọlápé na ọwọ́ sí abọ́ tí Sùlíyá, àbúrò rẹ̀, ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ẹran náà wà lórí ìrẹsì bí wọ́n ṣe bù ú.

"Bàbá Moses ni. Wọ́n ní àwọn ti yó."

"Káfíńtà tó ti ń gé pákó ní rélùwéè láti àárọ̀? Yó kẹ̀?"

"Àlájà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́."

Láti ìgbà tí Ojúọlápé ti ti Mẹ́kà bọ̀ ni àga onítìmùtìmù kan ti wà fún un lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ rẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Agége. Sùlíyá ló ní Àlájà kì í bu ọbẹ̀ fún lébìrà; kí ó máa gba ìkíni. Ó dùn mọ́ ọn nínú nígbà náà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn oníbàárà ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọjá, wọ́n ń sọdá ojú irin lọ bá obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná lọ́hùn-ún.

Ó dìde. Bàbá Moses ti ń dé fìlà.

"Bàbá, àbí ọbẹ̀ ò dùn ni?"

"Ó dùn, Àlájà." Ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, òdìkejì ni n óò ti máa jẹun láti ọ̀la. Oúnjẹ tibẹ̀ rọ̀."

Ojúọlápé wo ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló kan bẹ́ńṣì tí Ojúọlápé fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò gba kọ́bọ̀.

"Ẹ lanu, Bàbá."

"Ha! Ṣé dókítà ni wọ́n fi yín jẹ ní Mẹ́kà ni?"

Ẹ̀rín tó rín ló tú àṣírí. Eyín tí ì bá fi jẹ ẹran ti yọ tán.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Nígbà kan, ẹ̀yin lẹ ń bomi sí mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti wojú mi báyìí, ẹ ti mọ̀."

Ojúọlápé bọ́ ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì kọrí sí ilé ìdáná. Sùlíyá dí i lọ́nà.

"Àlájà, èéfín á ba aṣọ yín jẹ́!"

"Èéfín ní ọṣẹ. Bí bàbá yìí bá lọ, kí ni n óò fi fọ ìyẹn?"

Ó bu ẹ̀wà tó jinná dénú, ó fi ṣíbí onígi tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀, ó ta epo sí i, ó fi ẹja lé e, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ gbogbo egungun rẹ̀ kúrò. Nígbà tó gbé e jáde, bàbá náà ṣì dúró, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Sùlíyá, gbé àga yẹn wá fún Bàbá."

"Àga yín? Níbo lẹ̀yin fẹ́ máa jókòó sí?"

"Ìwọ ti rí ẹni tó ń jókòó sórí tìmùtìmù dáná rí?"

Bàbá Moses rọra jókòó sórí tìmùtìmù náà bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má bà á jẹ́. Ojúọlápé gbé kẹ́túlù omi.

"Àlájà..."

"Ìyá Láídé lẹ máa ń pè mí."

"Ìyá Láídé," ni bàbá náà wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

Ojúọlápé ń bu omi sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wo ojú rẹ̀.