Àpótí Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́rin

Èmi ò kúkú mọ nǹkan kan. Òǹtẹ̀ ni mo fi ọgbọ̀n ọdún lù mọ́ ìwé ní báǹkì kí n tó fẹ̀yìn tì, kí ló wá kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ẹja òkun? Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé iyọ̀ omi yìí gbọ́dọ̀ dúró sójú ìlà kan ṣoṣo lára òṣùwọ̀n. Pé iyùn tó ṣì ń mí kò fẹ́ ooru. Pé ẹja tó wà nínú ọpọ́n lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yẹn — táàngì ni wọ́n ń pè é, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè tó já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ — kò yẹ kó wọ àpótí tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

Àpótí tèmi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni. Mo ti fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mo tún un wọ̀n. Bóyá téèpù ló ń purọ́…

Mẹ́rin ni ṣá.

Dúró sì ti kọjá Ilé-Ogbó. Òun ló máa ń bá mi gbé ẹja wá láti Èkó. Òṣogbo ló ti ń bọ̀ báyìí, Ìbàdàn ló ń lọ. Ó pè mí lórí fóònù: “Ọ̀gá, oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn ní àpótí tó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Tí ọkàn yín ò bá gbé e mọ́, ẹ jẹ́ n gbé e kọjá. Ẹ má sì jẹ́ n pẹ́ ní géètì o, orúkọ lásán ni Dúró tí mò ń jẹ́.” Kí fèrè ọkọ̀ rẹ̀ tó dún, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí màá sọ. Kí ẹja wọlé, tàbí kí ẹja máa lọ. Ọ̀rọ̀ ẹja lásánlàsàn. Ọ̀rọ̀ kejì, ọ̀rọ̀ Màmá — mi ò ronú ìyẹn o. Ẹja ni mò ń rò.

Ọ̀sán Sunday rèé, gbogbo Ìwó ti sùn. Kò sí ọ̀kadà kan tó ń hó. Jemimah, ìyàwó mi, ti sùn lórí àga tòun ti gèlè, ẹnu là sílẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé míṣọ́nnì pé kí wọ́n máa pa ẹnu dé. Ìmọ́lẹ̀ omi ń mì lára àjà, aró ni, aró tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo wà nísàlẹ̀ tí ẹnìkan ń wò mí látòkè. Iyùn ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹgbẹ́ akọrin tó gbàgbé ìlà kejì orin. Àwọn ẹja kékeré méjì aláwọ̀ ọsàn yẹn lẹ̀ mọ́ra wọn ní igun, tọkọtaya ni wọ́n, ìyá ló ń pàṣẹ, ọkọ ń tẹ̀ lé e. Ayé ò yàtọ̀ lábẹ́ omi.

Ṣàà… ṣàà… ṣàà.

Bàtà sílípáàsì Màmá nìyẹn. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn dé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ni. Wọ́n á yí padà. Mọ́kànlá míràn. Mi ò kà á o, etí mi ló ń kà á.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti kó wọn wá láti Kuta. Wọn ò ṣubú, wọn ò ṣàìsàn, oko ni wọ́n wà ní ọjọ́ tí mo dé, wọ́n ń yọ ẹ̀gẹ́. Ẹnu Díákónì Olúdáre ni mò ń sá fún. “Arákùnrin Adérẹ̀mí, ẹja ń gbé inú gíláàsì lọ́dọ̀ yín, ìyá yín ń fọwọ́ tulẹ̀ ní Kuta?” Ó sọ ọ́ lójú ìjọ. Díákónì tí ìyá tirẹ̀ fi kú tí kò mọ yàrá tó ń sùn! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí. Kò ju ọjọ́ kẹta lọ, mo gbé ọkọ̀.

Láàárọ̀ yìí, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá fi oríkì pè mí: “Àjàní, mo fẹ́ lọ sílé.”

“Màmá, ilé náà lẹ wà yìí.”

Wọ́n wò mí bí a ṣe ń wo ọmọdé tó ní òjò ń rọ̀ látilẹ̀ lọ sókè. Mo ní tí a bá dé, a ó sọ ọ́. A ti dé…

Ẹja! Ẹja ni mò ń sọ. Koríko omi ti bo àwọn òkúta inú àpótí, ìgbín òkun tí mo rà fún iṣẹ́ yẹn ya ọ̀lẹ ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Táàngì máa ń jẹ koríko yẹn bí ewúrẹ́. Ẹwà rẹ̀ tún ńkọ́? Kí ìyeyè yẹn máa gba inú aró yẹn kọjá, kí àlejò ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n gbàgbé ohun tó gbé wọn wá… Jemimah ní, “Bàbá Rìnsọ́lá, ẹja mẹ́ta tó ti kú ńkọ́? Ìsìnkú wo ló kù tí a ò tíì ṣe nínú ilé yìí?” Ẹnu rẹ̀ mú. Bíi tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹja arìnrìn-àjò ni. Nínú òkun, kò mọ ògiri. Abẹ wà ní ìdí ìrù rẹ̀. Bí ibi bá há mọ́ ọn, á yọ ọ́ sí àwọn tó bá níbẹ̀. Tí kò bá sì jà, á máa rìn ṣáá títí á fi gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi sé e mọ́nú ọpọ́n ike, bí wọ́n ṣe sé gbogbo wa mọ́lé nígbà kòrónà, kó má baà kó àrùn wọlé. Mo ń wò ó. Á lọ, á fimú kan ike, á yí padà. Á lọ, á fimú kan ike, á yí padà. Kò pariwo. Ká ní ẹja ń wọ sílípáàsì —

Rárá.

Omi tútù àná yẹn ló ń dà mí láàmú. Màmá gbọ́ tí mò ń sọ fún Jemimah pé ọ̀la ni ẹja tuntun máa wọlé. Wọ́n lọ sí ìdí àgbá omi òjò, wọ́n bu ife kan, wọ́n rọra dà á sínú àpótí, wọ́n tiẹ̀ ń súre. Ni mo bá figbe ta! “Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni? Omi iyọ̀ ni!” Ohùn mi kan ògiri, ó padà wá bá mi. Wọ́n di ife náà mú. “A kì í mú ìyàwó wọlé lẹ́sẹ̀ gbígbẹ, Àjàní. Omi tútù la fi ń pàdé ẹni tó ń bọ̀.”

Wọ́n wọlé lọ. Mo mú òṣùwọ̀n. Iyọ̀ ti ga kọjá ìlà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbàgbé pé ooru ń fa omi lọ. Omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í lọ. Omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí i. Ife kan ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tí àpótí náà ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan, mo yọ́ lọ sídìí àgbá kan náà, mo pọn garawa kan, mo fi kún un. Mi ò sọ fún wọn. Di bí mo ṣe jókòó yìí, mi ò tíì sọ fún wọn.

Ọjọ́ tí Màmá náà wọlé, ta ló fi omi pàdé wọn? Ìyàwó la ń ṣe é fún, mo mọ̀. Omi mímu lásán ńkọ́? “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ nu ẹsẹ̀ yín, táìlì ni,” ni Jemimah ń wí. Èmi rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ni mò ń yà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá gbé agbọ̀n, wọ́n jáde. Ismaeel oníkẹ̀kẹ́ ló gbé wọn padà. “Bàbá, ọ̀nà Kuta ni mo ti bá wọn o. Wọ́n ń rìn bí ọmọ ogún ọdún!” Láti ọjọ́ náà ni géètì ti wà ní títì. Nítorí ààbò. Gbogbo ènìyàn ló ní mo ṣeun.

Ṣàà… ṣàà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n dúró síwájú gíláàsì pẹ́. “Àwọn wọ̀nyí, níbo ni wọ́n ń lọ?”

“Wọn ò lọ ibì kankan, Màmá. Ibí ni wọ́n ń gbé.”

“Hẹn-ẹn.”

Hẹn-ẹn yẹn gùn. Ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ.

Mo ń wo àga wọn báyìí, àga onítìmùtìmù tí mo rà fún wọn. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ló wà. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Mo gbé àpótí kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo gbé àga tì í, mo lọ dúró síbi tí àlejò máa ń dúró sí, mo wò ó, mo tún àga sún díẹ̀… kí ojú lè kó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. “Háà, ẹ ti gbé òkun wá sí Ìwó!” ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wí. Lẹ́yìn náà: “Màmá náà rèé! Ọmọ dáadáa ni yín.” Èmi á sì tẹrí ba bí onírẹ̀lẹ̀.

Èmi tí mò ń fi Díákónì rẹ́rìn-ín.

Fèrè ọkọ̀ ń dún ní géètì. Ìgbà kan. Ìgbà kejì. Jemimah kò jí. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń mì lára àjà, ẹja ìyeyè ṣì ń yí padà nínú ike, ṣùgbọ́n sílípáàsì ti dákẹ́. Kò dákẹ́ ní ẹnu yàrá, kò dákẹ́ ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àárín ló ti dákẹ́. Wọ́n gbọ́ fèrè náà.

Ọwọ́ mi wà lápò, ó ti di kọ́kọ́rọ́ mú, kọ́kọ́rọ́ náà sì ti gbóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí àlejò kankan ò bá wọ ilé yìí mọ́ láéláé, ṣé màá ṣì ti géètì?